Ìyá Onínọ́ńbà àti Ìlà Pupa Tó Já Wálẹ̀

Wọ́n ní gbogbo ilé-iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wa dá sílẹ̀ lókèèrè ti tán láàárín ọdún kan. Onídìrí mi ní àwọn ará òdìkejì odò ló rà wọ́n tán pátápátá, títí kan àga tí àwọn ọlọ́dẹ ń jókòó lé. Ọkọ rẹ̀ ní irọ́ ni, ìjọba ìlú onílùú ló gbẹ́sẹ̀ lé wọn. Obìnrin kan tó ń retí kó kàn án búra pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ló ń kó ẹ̀rọ wọn bọ̀ wálé tí gbogbo ẹ̀ fi rì. Èmi ń ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, torí ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán sínú ìwé ọdọọdún tí ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba ń tẹ̀. A máa ń fi orílẹ̀-èdè márùn-ún wéra fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, tiwa àti ti àwọn ará òdìkejì odò wà lára wọn: àròpọ̀ owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọn ti kó lọ sílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ra èyí tí wọ́n bá níbẹ̀, tí wọ́n sì ń darí rẹ̀ láti ilé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti àwọ̀ tirẹ̀. Pupa ni tiwa. Lọ́dún yìí, ìlà pupa rọra ń gòkè fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó dé ọdún tó gbẹ̀yìn, ó já lulẹ̀ bí àgbọn tó gbó. Mo kùn ún dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Ẹnì kan yà á ní fọ́tò lórí tábìlì mi, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ onídìrí.

Ẹni tó máa ń tẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá Onínọ́ńbà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, Àǹtí ni èmi ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, lórí àga tí ẹsẹ̀ kan kúrú, tó fi ìròyìn tí mínísítà kan kọ tì í lábẹ́. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá rẹ̀. Òun wà lójú kan, torí kò ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, orúkọ rẹ̀ kò sì fara hàn rí nínú ọ̀kankan nínú ìwé tó tẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì.

Ó mọ nọ́ńbà bí ìyá ṣe ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín igba ọmọ. Mo ti dán an wò rí. Mo yọ mẹ́sàn-án kúrò, mo fi mẹ́fà rọ́pò, mo jókòó ń wò ó. Kò tíì mu tíì rẹ̀ dé ìdajì tó fi pè mí.

"Ìwọ yìí, dá ọmọ olọ́mọ padà síbi tó o ti gbé e."

Àmọ́ lọ́dún yìí, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì láti tọ́jú ojú rẹ̀, Dókítà Kékeré ló sì fi ẹ̀rọ kó nọ́ńbà ọdún tó gbẹ̀yìn jọ. Dókítà Kékeré ni ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọjọ́bọ̀ ni Àǹtí wọlé. Agogo mẹ́rin ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwé ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Mo gbé àwòrán mi síwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín."

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ta ló pa ìlà pupa?"

"Ó já ni, Àǹtí."

"Kì í já báyìí. Àìsàn á kọ́kọ́ ṣe é. Èyí ò tiẹ̀ wúkọ́."

Ó dìde, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, èmi tẹ̀ lé e. Dókítà Kékeré wà níbẹ̀.

"Màmá," ló wí, "ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

"Òótọ́ ni, Dókítà mi. Ó kàn máa ń gbọ́ràn ni. Ohun tí ẹ bá bù fún un ló ń jẹ."

Ọ̀gá àgbà wo aago. "Màmá, tí a bá dá ìwé yìí dúró tí kò sì sí àṣìṣe, yàrá tí a ń kó ìwé àlòkù sí nísàlẹ̀ lẹ ó ti lo oṣù mẹ́rin tó kù. Apá mi ò ní ká a láti gbà yín sílẹ̀."

Yàrá yẹn ò ní fèrèsé kankan, eku ló ń ṣe alága níbẹ̀. Àǹtí fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ọ̀gá, tí mo bá ní ilé mẹ́wàá lánàá, tó wá ku méjì lónìí, kí ló ṣe mẹ́jọ?"

"Ẹ ti tà wọ́n ni."

"Owó rẹ̀ á wọlé, àbí? Ẹ ṣí ojú ewé kọkànlélógójì nínú ìwé yìí. Ibẹ̀ ni a ń kọ owó tó padà wálé sí."

Ọ̀gá ṣí i. Bí owó náà ṣe rí lọ́dún tó kọjá náà ló ṣe rí.

"Ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n dẹnu kọlẹ̀," ni Dókítà Kékeré sọ.

"Ẹ wo ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn fi ránṣẹ́ sílé ti pọ̀ sí i. Òkú kì í fowó ránṣẹ́, Dókítà mi."

Dókítà Kékeré ṣí fáìlì tó gbà láti báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kọ́lọ́ọ̀mù keje ni ẹ̀rọ ti ń mú nọ́ńbà. Títí di ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni àròpọ̀ gbogbo owó tó wà lókèèrè máa ń wà. Lọ́dún yìí, báńkì ti sún un sí kọ́lọ́ọ̀mù kẹjọ, owó tó jáde lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo ló wà ní ìkeje. Inú fáìlì mìíràn ni ti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin yòókù ti wá, ìdí nìyẹn tí nǹkan kan ò fi ṣe wọ́n.

"Ọgbọ̀n ọdún la ti ń wọn omi inú àgbá," ni Àǹtí wí. "Lọ́dún yìí, omi tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ dà sínú rẹ̀ lẹ lọ wọ̀n."

Mo sáré tún àwòrán yà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí mi lẹ́yìn. Ìlà pupa ò já. Ó gòkè, ó gòkè, ó kọjá ìlà àwọn ará òdìkejì odò, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹnu ọ̀gá àgbà là sílẹ̀. Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló pe ilé ìtẹ̀wé.

"Ẹ dúró," ló sọ fún wọn, ó sì yíjú sí Àǹtí. "Màmá, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́?"

Ojú ewé kejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, pé òun ló yẹ gbogbo nọ́ńbà inú ìwé náà wò. Dókítà Kékeré wá bá a nínú yàrá rẹ̀.

"Màmá, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ máa kí àwọn nọ́ńbà láràárọ̀. Ẹ má kàn máa rán ẹ̀rọ sí wọn."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ìwé náà jáde, ọ̀gá àgbà ka orúkọ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rọra ń bọ̀ láàárín wọn bí ẹni tó fẹ́ kà wọ́n níye. Èmi ni mo pariwo jù.

Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún onídìrí mi, mo sì ṣí i sí ojú ewé tó yẹ. Lọ́dún tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ tán yẹn, kò sí ilé-iṣẹ́ wa kan tó tì lókèèrè. Mọ́kànlá ló ṣí sí i.