Wákàtí Kan Ni Bàálù Ń Lò, Ṣùgbọ́n Yìgì Kò Dúró Dè Mí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fún mi lága kí n jókòó, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ó rẹ̀ mí dé mùdùnmúdùn eegun!

Sìdíkátù, ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé, ni a fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní Àbújá. Èmi ni walí, ẹni tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ fa ọmọ fọ́kọ níwájú Lèmọ́mù. Lórí àkéte àìsàn ni bàbá rẹ̀ ti fi í lé mi lọ́wọ́. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé rán ẹlòmíràn?

Ìyàwó mi ní kí n tètè lọ láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Àbújá lè jìn nílẹ̀, wákàtí kan péré ni lójú òfuurufú.

Ó bi mí pé, “Bàbá Sàkírá, ṣé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìgandò níbí ni bàálù ti máa gbé yín ni?”

Mo ní àwọn tí kò wọ bàálù rí ló ń fòyà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo sọ fún àwọn àna wa pé kí wọ́n fi yìgì sí aago mẹ́wàá. Bí bàálù bá gbéra ní méje, mẹ́jọ mo ti balẹ̀, àbí?

Ìdájí ni mo kúrò nílé. Mo dé pápákọ̀ lásìkò, agbádá mi funfun kinniwin. Mo jókòó. Wọ́n kéde pé kùrukùru ọyẹ́ ti bo Àbújá, kí a ní sùúrù. Wọ́n tún kéde. Wọ́n tún kéde! Ọkùnrin tó jókòó tì mí wo agbádá mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ti múra ju bàálù lọ o.” N kò lókun ẹ̀rín.

Aago mẹ́wàá kọjá. Múfútáù, àbúrò mi, pè láti mọ́ṣáláṣí: Lèmọ́mù ní yìgì mìíràn níbòmíràn, kò lè dúró mọ́. Sìdíkátù gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá Ìgandò, ẹ jẹ́ kí a dúró dè yín. Kí Lèmọ́mù máa lọ, a ó wá òmíràn.”

Ẹ̀sìn fàyè gbà á kí walí yan aṣojú. Ìgbéraga mi ni kò fàyè gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà kò tilẹ̀ tíì dé ọjà! Mo ní kí ó gbé fóònù fún Múfútáù. Mo ní, “Fa ọmọ wa fọ́kọ lórúkọ mi.”

Mo ṣí ohùn fóònù síta, mo gbé e sókè, mo gbọ́ tí ọkọ ní òun gbà. Lèmọ́mù ṣe àdúà. Gbogbo àwọn tó jókòó yí mi ká, tí n kò mọ̀ rí, dáhùn pé, “Àmín!”

Kò pẹ́ ni wọ́n ní kí a wọ bàálù. Ìrìn náà kò tilẹ̀ pé wákàtí kan! Bàálù kò parọ́ fún mi. Èmi ni mo parọ́ fún ara mi.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń kó àga. Sìdíkátù kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, “Bàbá Ìgandò, ẹ fi ọwọ́ tiyín náà fà mí fọ́kọ.” Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ti ọkọ rẹ̀. Kò sí Lèmọ́mù níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé yín ni kí ẹ ti máa ka ìrìn àjò, ẹ má kà á láti ẹnu ọ̀nà bàálù. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ sọ tiyín, kí ó má baà jẹ́ èmi nìkan ni ìyàwó ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ládùúgbò.