Mẹ́kúrì Tó Bá Èéfín Lọ

Ọdún kejì tí mo ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní Ìkòsí ni bàbá apẹja kan gbé ẹja wá bá wa láti Ajégúnlẹ̀ tó wà létí odò, ní ọ̀nà Owódé. Àrọ̀ ńlá méjì àti ẹpìyà mẹ́rin ni. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ń sọ pé mẹ́kúrì, irin olómi tó lè ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́, ti wọ inú odò, ìyàwó ọmọ àwọn sì lóyún, ẹja yìí ló sì ń jẹ lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ mọ òótọ́.

Mo gé ẹja náà, mo lọ̀ ọ́, mo wọ̀n ọ́n, mo da ásíìdì lé e, mo sì gbé e kaná kó lè yọ́ di omi tí ẹ̀rọ máa yẹ̀ wò. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí iná pọ̀, torí tí ooru bá ti pọ̀ jù, mẹ́kúrì á bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn lọ́jọ́ náà, mo sì fi kún iná. Ẹ̀rọ ní mẹ́kúrì inú ẹja ò tó èyí tó léwu. Mo pe bàbá lórí fóònù, wọ́n sì súre fún mi títí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá mi obìnrin ń yẹ ìwé iṣẹ́ mi wò. A máa ń fi mẹ́kúrì tí a mọ iye rẹ̀ sínú ẹja kan, ká lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ máa rí gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ ló ti sọnù nínú tèmi. Ọ̀gá mi ò pariwo.

"Ta lo ti sọ èsì yìí fún?"

Mo ní bàbá apẹja ni, lórí fóònù.

Mo tún un ṣe nínú ìgò tí a dé pa, lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹpìyà ò léwu. Àrọ̀ ńlá, tó ń jẹ ẹja kéékèèké, ni mẹ́kúrì pọ̀ nínú rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti orí fóònù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Owódé, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ajégúnlẹ̀ lórí pákó tí wọ́n tò sórí omi. Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyàwó ọmọ wọn ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àrọ̀ ló wà nínú abọ́ rẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, mo sì sọ pé ẹ̀bi mi ni. Bàbá rọra gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí o ti pè mí," ni wọ́n wí, "èmi fúnra mi ni mo ń sọ fún un pé kó máa jẹ ẹ́."



Ìyàwó ọmọ wọn bí ọmọbìnrin, ara ọmọ náà sì le, ó ti ń rìn báyìí. Bàbá ṣì ń yẹ ẹja wọn wò. Láàbù mìíràn ni wọ́n ń gbé e lọ.