Mẹ́mórì Méjì àti Ohùn Ìyá Oǹdó

Òórùn eruku gbígbóná ló kan mí nímú lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Ọmọ mi obìnrin, tó ń kàwé ní Ìlárá-Mọ̀kín, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì ìjẹun, fáànù inú rẹ̀ sì ń ké bí ẹni tó ń bínú. Mo ní kó pa á ná kó tutù. Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, lọ́dún tí èmi àti Dúpẹ́ to kọ̀ǹpútà wa àkọ́kọ́.

A ti parí ilé-ìwé girama nígbà náà, à ń retí ìwé ìgbàwọlé yunifásítì. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, kò fẹ́ kí n máa jókòó sílé, ló bá fà mí lé Bọ̀dá Ṣẹ́gun lọ́wọ́, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ibẹ̀ ni mo bá Dúpẹ́. Ọmọ Oǹdó ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Àkúrẹ́. Dúpẹ́ kì í kánjú, kì í sì í gbàgbé nǹkan. Èmi ní tèmi, ọwọ́ mi á ti kan nǹkan kí n tó ronú. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan n ó dáná sun “ulé”, bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe ilé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ibi tí ọkọ̀ kan lè dúró sí. Télọ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìlọta wà lápá òsì, ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ nìkan la lè gbọ́ ara wa. Páálí mẹ́ta wà lẹ́yìn tó kún fún ẹ̀yà àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú. Bọ̀dá ní bí a bá lè to ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, tiwa ni.

Dúpẹ́ ti mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bàbá rẹ̀, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, ti gba ohùn ìyá tirẹ̀, ìyá àgbà Dúpẹ́ tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá, sínú kásẹ́ẹ̀tì: orúkọ àwọn baba ńlá wọn, ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ẹni tó bí ẹni. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń gbó. Dúpẹ́ fẹ́ gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, kó wá tẹ̀ ẹ́ sórí sídì fún gbogbo ọmọ Ìyá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣa ẹ̀yà. A fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ nu etí mẹ́mórì kọ̀ọ̀kan, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, títí ó fi ń dán bí wúrà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá tàn, ó lọ́ra débi pé ohùn tí a bá gbà sínú rẹ̀ ń já sí wẹ́wẹ́. Bọ̀dá wá fi ike kékeré kan hàn wá lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́. Bí a bá ṣí i kúrò ní ibi kan sí èkejì, kọ̀ǹpútà á máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ wo mẹ́mórì yín dáadáa. Méjèèjì tí ẹ máa fi sí i gbọ́dọ̀ lè sá eré náà. Èyí tí kò bá lè sá a kò ní kígbe o. Á kàn máa parọ́ fún yín ni: ohun tí ẹ fún un kọ́ ló máa dá padà.”

A rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 133 sí, iye eré rẹ̀ nìyẹn, ó sì tó. Àwọn yòókù, 100 ni wọ́n kọ sí wọn, àyàfi ọ̀kan tí bébà ara rẹ̀ ti ṣí kúrò. Dúpẹ́ ní ká dúró, pé Bọ̀dá ń lọ sí Ìbàdàn, ó lè bá wa rí èkejì. N kò lè dúró. Nígbà tí Dúpẹ́ lọ ra gààrì àti ẹ̀pà, mo ki èyí tí kò ní bébà bọ̀ ọ́, mo sì ṣí ike náà. Kọ̀ǹpútà tàn, ó yára bí nǹkan míì.

Nígbà tó dé, mo ní, “Mo ti rí èkejì rẹ̀.” Inú rẹ̀ dùn, kò bi mí ní nǹkan kan.

A yá fáànù télọ̀ láti fi fẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ọkùnrin náà sì ń làágùn, ó ń wò wá bí olè. A gba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, a gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó dára, a tẹ̀ ẹ́ sórí sídì. Dúpẹ́ dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà, tó gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, gba orin tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́ lé ohùn náà lórí.

Ní Sátidé kejì, a wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ìyá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ẹbí pé jọ. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni ohùn náà fọ́, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ. Ìyá sọ nǹkan kan ní èdè Oǹdó, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: “Ó ní ta ló ń fa aṣọ ya sínú ọ̀rọ̀ òun?”

A fi sídì kejì sí i, bákan náà ni. Bàbá Dúpẹ́ lọ mú kásẹ́ẹ̀tì wá, orin ló ń jáde nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Dúpẹ́ kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ̀bi mi ni.”

N kò lè gbà á. Èmi náà kúnlẹ̀. “Èmi ni, sà. Mẹ́mórì tí mo fi sí i kò dára. Mo parọ́ fún Dúpẹ́.”

Dúpẹ́ kọjú sí mi. “O ní o rí èkejì rẹ̀.”

Ìyá béèrè ohun tó mú wa kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó ní, “Ṣé mo ti kú ni? Ẹ lọ mú ìwé wá.”

Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Ìyá ń sọ, Dúpẹ́ ń túmọ̀, èmi ń kọ. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ìwé nìkan ni Dúpẹ́ ń bá mi sọ. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá dárúkọ ọmọbìnrin kan, Morẹ́nikẹ́, tó bí ní abúlé oko kòkó kí wọ́n tó kó wá sí Oǹdó. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó fi kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló bí bàbá Dúpẹ́.

Dúpẹ́ dá ìtumọ̀ dúró. “Ìyá, èyí kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì.”

Ìyá ní, “Bàbá rẹ ló ń bi mí léèrè nígbà yẹn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé títí n ó fi lọ.”

Dúpẹ́ yíjú sí mi. “Ọ̀rẹ́ mi, kọ ọ́ kó hàn dáadáa.”

Lóde òní, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń wo mẹ́mórì rẹ̀ tó ń yan eré tó lè sá. Fóònù àpò ọmọ mi lè gba ohùn odidi ìlú sílẹ̀ láìsí wàhálà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹnìkan ṣì ní láti jókòó ti àgbàlagbà kó ní sùúrù títí ọ̀rọ̀ á fi jáde, ẹni tó bá sì ba nǹkan jẹ́ ṣì ní láti dìde sọ pé òun ni.

Ìyá kú lọ́dún tó tẹ̀lé e. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí Dúpẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣí ìwé tí mo kọ, ó sì pe Morẹ́nikẹ́ ṣáájú. Bàbá rẹ̀, tó ti jẹ́ àkọ́bí láti ìgbà tó ti dáyé, ṣí fìlà lórí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.