Kóòtù Tí Bàbá Rán

Báńkì tí ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, nígbà tí mo lọ tọrọ owó tí a ó fi tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe. Kóòtù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ bá a mu débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo ti tò kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ló rán an. Bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti wọ báńkì ni bàbá kò ti forúkọ pè é mọ́. "Mánẹ́jà" ló ń pè é, kódà kó tó di mánẹ́jà. Oníbàárà kì í tíì rí àga jókòó kó tó gbọ́ nípa Mánẹ́jà.

Obìnrin kan wà tó máa ń tún ẹ̀rọ amúlétutù báńkì náà ṣe. Ó wá yá owó tí yóò fi ra irinṣẹ́. Abẹ́ ẹ̀rọ tí obìnrin yìí fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni ọ̀rẹ́ mi jókòó sí tó fi sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, nítorí kò ní ìwé ilẹ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó yá, ó fi báńkì sílẹ̀, ó ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lówó kéékèèké nímọ̀ràn. Ó ní láti bá àwọn tó yáwó jókòó, kó mọ ibi tó ti ń le fún wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá wọ̀, "Ó ń lọ dáadáa, sà," ni wọ́n ń sọ.

Obìnrin ọjọ́sí ló la ọ̀rọ̀ náà yé e.

"Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Kóòtù yín yìí ni. Ta ló máa jókòó ti irú kóòtù yìí, tó máa ní ọjà ò tà?"

Ó bọ́ kóòtù. Báńkì tó fi sílẹ̀ dun bàbá, ṣùgbọ́n ti kóòtù ló wọ̀ ọ́ lára jù. Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ní gbogbo Sátidé, ọmọ á lọ kí i, bàbá á máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ láìgbójú sókè. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun lè fara da owó oṣù tó dínkù, ṣùgbọ́n bí bàbá kò bá lanu títí ọdún á fi parí, òun á padà sí báńkì.

Sátidé kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó rà ní ìsọ̀ lọ. Ẹ̀rọ bàbá dákẹ́.

"Ta ló rán ìyẹn?"

Ó ní òun rà á ni.

"Apá kan gùn ju èkejì lọ. O wá gbé e wọ̀ jáde, káyé lè sọ pé ọmọ mi nìyẹn."

Bàbá dìde, ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó ní kó dúró dáadáa. Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn àyà rẹ̀, ó tún àyà náà wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló fi orúkọ pè é.

"O ti rù," ni bàbá wí.

Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni bàbá rán fún un kí ojú bàbá tó di bàìbàì. Òkè ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi wà báyìí. Yàrá kan ni, tábìlì méjì ló wà níbẹ̀.