Ọwọ́ Tí Fọ́ọ̀mù Wa Kò Rí

Iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ni pé mo ń wọn ọmọ. N kì í gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, n kì í sì í wọn gíga wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tí ọmọ lè ṣe lèmi ń wọ̀n. Ṣé ó lè to pákó kéékèèké mẹ́ta léra wọn? Ṣé ó lè fi ife mu omi fúnra rẹ̀? Tí wọ́n bá ní kó gbé nǹkan wá, ṣé yóò gbé e wá? Ogún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló wà lójú fọ́ọ̀mù, àpótí kékeré kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọ bá ṣe é, mo fa àmì sí i. Tí kò bá ṣe é, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Iṣẹ́ náà rọrùn débi pé inú máa ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀.

Abẹ́òkúta ni, nígbà tí àwọn olóṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn sójà. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé ìgbòògùn kan fún àwọn ọmọ tí ara wọn ń falẹ̀: èyí tí kò tètè rìn, èyí tí kò sọ̀rọ̀, èyí tí gìrì ti ṣe léṣe. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi eré àti ìfọwọ́ra mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ máa ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sì ń rí wọn. Ẹní méjìlá ló wà nílẹ̀ yàrá yẹn, ọmọ méjìlá náà la lè gbà. Àwọn yòókù ń dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé kí n máa lọ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Tí àmì rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, kó máa bọ̀. Tí kò bá pọ̀ sí i, kó dìde lórí ẹní fún ẹlòmíì.

Ní agboolé aláró kan ní Ìtòkú ni mo ti rí ọmọbìnrin náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Gìrì ti mú un nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò, látìgbà náà ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, tó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń re aṣọ láró, ọwọ́ obìnrin náà sì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó gbọ́ pé àyè ẹní kan ṣẹ́ kù, ó sáré fọ ọmọ rẹ̀, ó fi àtíkè sí i lọ́rùn, ó tẹ́ ẹní fún mi lábẹ́ ìbòòji. Ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Mo ti ṣàlàyé fún un pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lágboolé yẹn.

Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà! Ó to pákó mẹ́rin léra, ó tún fẹ́ to ìkarùn-ún kó tó wó. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife, ó mu omi tán, kò ta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń so aṣọ nítòsí fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò ó, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo bá dé ìbéèrè tó ní kí ọmọ gbé nǹkan fún ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Ọmọ dáadáa, gbé ife yẹn fún mi." Ó gbé e. Ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá, ó na ife sí mi, inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ń dán.

Òsì ló fi nà án. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti là. Mo ní, "Há! Òsì lo fi ń fún mi? Ọ̀tún dà?"

Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti sọ fún àìmọye ọmọ, kò sì sí àgbà kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò ní sọ ọ́. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ sáré kúnlẹ̀! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Mo ń kọ́ ọ, nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́hun búra, mo ń kọ́ ọ." Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gba ife, mo fa àmì sí àpótí, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí n tó dé ìta. Àmì mẹ́tàlá ni ọmọ náà ní, wọ́n sì fún un ní ẹní.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo gba agboolé náà kọjá láàárọ̀ kan. Wọn kò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ọmọ náà jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, ó fi òsì ká okùn ìko mọ́ ọn, ó fi eyín fà á le. Òun fúnra rẹ̀ ló ń so adìrẹ. Èmi náà ti gbìyànjú irú ìdì yẹn rí, ìko sì ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì bí ẹni ń sọ ìtàn amóríyá. N kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan, nítorí kò sí àpótí kankan fún ìko nínú fọ́ọ̀mù wa.

Nígbà tí mo lọ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó jókòó síwájú mi, wọ́n fi ìró ìyá rẹ̀ bò ó dé ọrùn. Mo to pákó síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé ife, ó wò ó, ó wo ìyá rẹ̀. Àmì mẹ́ta péré ni mo rí fà. Mo ní bóyá ibà ló ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé kò ṣàìsàn, ó kàn ń tijú ni.

Ìgbà kẹta ló kù. Mo mọ̀ pé tí kò bá yí padà, ẹní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú bísíkítì lọ, mo kọrin fún un, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà gbìyànjú. Ọwọ́ ọ̀tún tó rọ yẹn ló nà sí pákó, ó ń gbọ̀n, pákó ń bọ́, ó tún nà án, òógùn bò ó níwájú orí. Pákó kan yí lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú láti bá a, ìró sì yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Mo wá rí i. Wọ́n ti fi ọ̀já aṣọ kan so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yìn ín. "Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ fún un, nọ́ọ̀sì. Tí n bá ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni mo máa ń so ó. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rò pé mi ò kọ́ ọmọ mi."

Mo tú ọ̀já náà fúnra mi. Mo ní, "Ó yá, fi òsì gbé e, èmi ni mo ní kí o fi òsì gbé e." Ọmọ náà fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ náà bẹ̀ ẹ́, ó tún kígbe mọ́ ọn. Ó bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò jáde. Ohun tá a kọ́ ọ ló ń ṣe.

Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀. Mo lè fa àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n dìde, kí n sì lọ. Ṣùgbọ́n òfin wa ni pé ohun tí ojú wa bá rí lọ́jọ́ náà nìkan ni ká kọ, èmi sì ni olóòótọ́ wọn. Mo máa ń fi òótọ́ mi yangàn nígbà yẹn. Mo kọ àmì méjì. Mo wá jókòó, mo kọ lẹ́tà gígùn kan nípa ọ̀já àti ìko àti ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi sọ, mo fi pín-ìn-nì há a mọ́ fọ́ọ̀mù náà lẹ́yìn.

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó sì mí kanlẹ̀.

"Níbo ni kí n fi èyí sí? Àmì la máa ń kà."

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, sà, láìsọ fún wọn. Ẹ ó rí ohun tí ọmọ yẹn ń fi ọwọ́ ṣe."

"Tá a bá ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, báwo la ṣe máa ṣe ti àwọn yòókù? Bákan náà la gbọ́dọ̀ wọn gbogbo wọn."

Wọ́n fún ọmọ kan láti ọ̀nà Ewékorò ní ẹní ọmọbìnrin náà, ọmọ yẹn náà sì nílò rẹ̀, n kò lè purọ́. Nígbà tí mo lọ sọ fún obìnrin aláró náà, ó gbọ́ ọ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ ṣé o, nọ́ọ̀sì. Ẹ gbìyànjú fún wa." Ì bá ti bú mi kí ara lè tù mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gba fọ́ọ̀mù náà gbọ́ mọ́, èmi sì ni mo ń gbé e kiri. Lábúlé kan lọ́nà Kọ́bapẹ́, mo wọn ọmọ kan tí kò gbójú sókè wò mí, torí wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í wo àgbà lójú. Ìbéèrè kan ní ṣé ọmọ lè gun àtẹ̀gùn. Gbogbo abúlé yẹn kò ní àtẹ̀gùn kan. Mo ń fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, mo sì ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lé adìẹ, tí wọ́n ń gbé omi fún ìyá wọn. Mo ra ìwé tara mi, mo ń kọ ìyẹn sínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà ti gba ìjọba padà, àwọn ọ̀gá wa pè wá sí ìpàdé láti tún fọ́ọ̀mù náà ṣe. Mo ka ìwé mi fún wọn. Wọ́n fi ìlà kan kún un: kí a bi ìyá ọmọ léèrè ohun tí ọmọ ń ṣe nílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo tún rí ọmọbìnrin Ìtòkú náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo lọ ra adìrẹ lọ́jà, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ mí, ó dìde, ó ń kí mi tìdùnnú-tìdùnnú. Ọmọ ti di ọmọge kékeré. Ó kúnlẹ̀, bó sì ṣe ń kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì ti lọ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ní, "Gbé aṣọ fún nọ́ọ̀sì." Ó fi ọ̀tún gbé e. Ó pẹ́ kí àwọn ìka yẹn tó ká aṣọ náà, apá sì ń gbọ̀n bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Aṣọ já bọ́ sínú eruku. Ó fẹ́ tún fi ọ̀tún ṣà á.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo na ọwọ́ òsì tèmi sí i láti gba aṣọ náà. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń yíjú tí àgbà bá ń hùwà tí kò yẹ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi na ọ̀tún.