Béèlì Tó Gbé Aṣọ Lòlítà Wá sí Bẹ́yẹrúnkà

Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn béèlì òkíríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú láàárọ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Òórùn káńfọ̀ ni, ó pò mọ́ ti eruku àti ti ọṣẹ ìlú tí èèyàn ò dé rí. Ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, òórùn yẹn ló máa ń jí mi lọ́jọ́ tí ọjà bá wọlé. Màmá mi ń ta òkíríkà ọmọdé ní Orítamẹ́rin, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n sì ti máa ń tú béèlì kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ti ọwọ́ bọ àpò gbogbo aṣọ, kí n wo ohun tí òyìnbó gbàgbé síbẹ̀. Mo ti bá bọ́tìnì níbẹ̀, mo ti bá bébà súìtì, mo sì ti bá eyín ọmọdé kan rí. Eyín yẹn kó ìrònú bá mi fún ìgbà pípẹ́. Ta ló ni ín? Ṣé ó ṣì ń wá a?

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, màmá mi fa aṣọ kan yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, màmá mi kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Aṣọ náà funfun, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ ga, léèsì sì yí i ká ní ìpele-ìpele títí dé ìsàlẹ̀. Fìlà kan tẹ̀ lé e, irú èyí tó ń bo etí, tí wọ́n ń fi ríbọ́ọ̀nù so lábẹ́ àgbọ̀n. Nẹ́ẹ̀tì kan tún wà tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó wú fùkẹ̀ bíi pé afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe aṣọ ọmọdé, nítorí ó tóbi. Kì í sì í ṣe aṣọ àgbà tí a mọ̀. Àgbà wo ló ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àgbọ̀n?

Màmá mi yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá dájọ́ pé aṣọ wòlímọ̀ ni. Wọ́n ní ṣé a ò rí i ni, ó bo apá, ó bo ọrùn, ó bo orí, ó sì tún funfun. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni òyìnbó tó rán an, ọmọ ẹ̀ ló parí Kùránì tí wọ́n fi gbé e síta. Mo gbà wọ́n gbọ́ pátápátá. Wòlímọ̀ tèmi náà ò sì jìnnà mọ́. Àfáà tó ń kọ́ wa nílé kéú ti ní lẹ́yìn Iléyá, èmi àti àwọn ọmọ mélòó kan máa jókòó síwájú àwùjọ, ká kéwú lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó dàgbà ládùúgbò wa mọ̀ pé kéwú ni wọ́n ní kó o wá kà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n ń wò. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni màmá mi máa ń wí. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ náà pamọ́. Bí Àfáà bá fọwọ́ sí i, ó di tèmi. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ó di ti ọjà, kí n lọ wọ búbù ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣá.

Mo fẹ́ aṣọ yẹn gan-an. Kì í ṣe torí ẹwà ẹ̀ nìkan. Mo fẹ́ mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ kí n tó wọ̀ ọ́, bó ṣe ń jókòó nínú ẹ̀, bó ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, àti bóyá màmá tiẹ̀ náà máa ń pariwo. Mo rò pé tí mo bá wọnú ẹ̀, n ó mọ̀.

Nẹ́ẹ̀tì yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Mo sá a sórí okùn kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò lára ẹ̀, mo sì lọ síléèwé. Ìyá àgbà tó bí bàbá mi rí nẹ́ẹ̀tì funfun gbàgàdà, wọ́n sì ṣe ohun tí ìyá àgbà èyíkéyìí ní Ìbàdàn máa ṣe. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n pín in kárí agboolé pé ká máa fi wẹ̀. Kí n tó dé, kànrìnkàn tuntun ti wà lọ́wọ́ gbogbo ará ilé. Àbúrò bàbá mi ti fi tiẹ̀ ho ọṣẹ, ó ń kọrin ní balùwẹ̀. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo wọ aṣọ náà láìsí nẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀ sí mi lára, mo wá dà bí adìẹ tí òjò pa. Màmá mi wò ó, wọ́n ní ó ti di ti ọjà nìyẹn, wọ́n ká a.

Ìyá àgbà kò bẹ̀ mí. Àwọn àgbà ìgbà yẹn kì í bẹ ọmọdé. Wọ́n kàn béèrè ohun tí nẹ́ẹ̀tì ń ṣe lábẹ́ aṣọ, mo sì fi ẹkún dá wọn lóhùn pé òun ló ń gbé e dúró. Wọ́n ní tòbí náà ni, kí ló dé tá ò tètè sọ. Wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n kó tòbí mẹ́ta jáde, àwọn tí wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró nígbà ọmidan wọn. Wọ́n fi láfún ro ẹ̀kọ tó ki, wọ́n rẹ tòbí sínú ẹ̀, wọ́n sá wọn sóòrùn. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́, tòbí ti le koko, ó ń dá dúró nílẹ̀ láìsí ẹnì kan nínú ẹ̀. Wọ́n wọ̀ wọ́n fún mi lórí ara wọn, wọ́n gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n wá fi lé e. Ó wú! Torí pé mo kéré sí ẹni tí wọ́n rán an fún, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Mo yí, aṣọ náà yí tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, láti ilé wa dé mọ́ṣáláṣí ní Ọ̀rányàn, kò sẹ́ni tó lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ ń tì wọ́n dànù. Àwọn èèyàn ń dúró wò. Àfáà dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn gíga, tó gbẹ, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín ni wọ́n. Wọ́n yí mi po. Màmá mi di ọwọ́ mi mú gírígírí. Mo mọ̀ pé búbù ẹ̀gbọ́n mi wà nínú báàgì wọn.

"Ìyá Sìkírá, níbo lẹ ti rí èyí?"

Màmá mi ní òkíríkà ni, pé aṣọ wòlímọ̀ àwọn Mùsùlùmí òyìnbó ni. Mo rò pé Àfáà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ṣé o lè jókòó kó o kéwú nínú ẹ̀?"

Mo ní mi ò tíì gbìyànjú ẹ̀ rí, sà. Wọ́n ní kí n wọlé lọ gbìyànjú ẹ̀.

Bí mo ṣe jókòó ni ẹ̀kọ gbígbẹ fọ́ lábẹ́ mi, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, gbogbo mọ́ṣáláṣí sì gbọ́ ọ. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Mo ka tèmi lọ, mi ò ṣì í ka. Nígbà tí mo dìde, àwọn ìyá yí mi ká, wọ́n ń fọwọ́ kan léèsì, màmá mi sì ń ròyìn Mùsùlùmí òyìnbó fún wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ọdún tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni mo tó mọ orúkọ aṣọ yẹn. Mo rí obìnrin kan nínú fóònù, ará Japan, ó wọ irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lòlítà ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ló ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe fún ẹ̀sìn, kì í ṣe fún ìgbéyàwó, ó kàn wù wọ́n ni. Mo pe màmá mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní irọ́ ni àwọn ará Japan ń pa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń rán an. Mo ti ra aṣọ òfì etù ní ọjà Òjé rí, mo fi dá ọ̀kan, ooru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ti rí obìnrin méjì mìíràn nílùú yìí tí wọ́n ń wọ̀ ọ́, a sì máa ń pàdé láti ya fọ́tò.

Láìpẹ́ yìí, òkè Mápó la ti ń yà á. Òùngbẹ gbẹ mí, mo dá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Ìyá tó ń ta omi, ẹgbẹ́ màmá mi, béèrè ohun tí mo wọ̀. Mo ní fíìmù la ń ṣe. Bí mo ṣe máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nìyẹn, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ní kí n sọ orúkọ fíìmù náà kí àwọn ọmọ òun lè bá òun wá a. Mi ò rí orúkọ kankan sọ. Ojú tì mí.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe fíìmù. Aṣọ mi ni, ó wù mí ni mo ṣe wọ̀ ọ́."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ó wù ẹ́, o wá ń purọ́ sí i. Ta ló fẹ́ bọ́ ọ lára ẹ?"

Mo sanwó omi, mo ń ro ọ̀rọ̀ wọn bí mo ṣe ń gòkè padà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, àwọn tó lè bọ́ ọ lára mi pọ̀. Màmá mi lè bọ́ ọ, Àfáà lè bọ́ ọ, síbẹ̀ mo la ìgboro kọjá nínú ẹ̀ láìwo ojú ẹnì kankan. Ní báyìí, èmi ni mo ra aṣọ, èmi ni mo rán an, kò sẹ́ni tó lè ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀. Èmi àgbà yìí ni mo wá ń fi irọ́ bora.