Ìgò Kékeré Mẹ́rin Lóṣooṣù

Ní ọ̀sán Sátidé, bí aago mẹ́rin bá ti lù, oòrùn máa ń gba fèrèsé tó kọjú sí odò Tẹ́msì wọ inú fúláàtì wa, á sì rọra tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun bí ìyá àgbà tó rẹ̀. Ọkọ mi á jókòó sápá ọ̀tún, èmi á jókòó sápá òsì, ìgò kékeré kan á sì wà láàárín wa. Wáìnì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aláṣọ funfun ni wá, a kì í mu ọtí. Ẹ má tíì dá wa lẹ́jọ́.

Imú ọkọ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kí àìsàn kòrónà tó dé, mi ò rí imú tó tó tirẹ̀ rí. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó àpò kọfí àti èròjà ọbẹ̀ sí, òun ni wọ́n sì máa ń pè bí wọ́n bá fura pé omi ti wọ àpò kan. Kò ní tú u. Á kàn tẹ orí sí i, á ní, “This one ti bu,” bọ́rọ̀ sì ṣe máa ń rí nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń fi àwo tùràrí. Tí mo bá ń dáná, láti inú líìfùtì ló ti ń mọ ohun tí mo sè. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Beam Park ní Dagenham, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò láyé àtijọ́, bí òjò bá rọ̀, á lọ dúró ní báákónì, á ní òun ń gbóòórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láti abẹ́ ilẹ̀. Èmi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo kàn máa ń gbà á gbọ́ ni.

Àìsàn náà wá mú un, nígbà tó lọ, ó mú òórùn lọ. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà, kó ṣáà máa fi nǹkan olóòórùn kọ́ imú lójoojúmọ́. A fi ọsàn, a fi kọfí, a fi kanáfùrù, asán ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e kúrò nídìí àpò, wọ́n fi í sídìí kọ̀ǹpútà. Nílé, ó ń jẹ oúnjẹ mi bí ẹni ń gbé ẹrù: á gbé e, á sọ ọ́ kalẹ̀, á dìde. Mo se ẹ̀fọ́ rírò kan tí irú rẹ̀ pọ̀ débi pé aládùúgbò ti fèrèsé rẹ̀, ọkọ mi ní, “It's fine, Mọ́mì. Ó ṣe é jẹ.” Ó ṣe é jẹ! Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi èéfín fọ́ ojú nítorí ọkùnrin yìí! Inú bí mi, àmọ́ ẹ̀rù ló bà mí jù. Ẹ̀rù ń bà mí pé a máa di ayálégbé méjì tó ń lo kíṣìnì kan náà. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí a tún jókòó sídìí tábìlì kan, kí ọkàn rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Obìnrin ará Pọtogí kan tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Chadwell Heath ló mú ọ̀rọ̀ wáìnì wá. Ó ní nílé àwọn, bí imú bá sùn, wáìnì ni bàbá òun fi ń jí i, nítorí òórùn tó wà nínú ife kan ju ti odindi ọjà lọ. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń fi í ránṣẹ́ sílé ẹni lóṣooṣù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

“Wáìnì kẹ̀?” Ọkọ mi la ojú. “Nínú ilé yìí?”

“A ò ní mu ún, Dádì. We're only going to smell it.”

“Bó o ṣe máa sọ fún Ìyá Àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn?”

“Ṣé Ìyá Àdúrà ló ń gbé inú kíṣìnì mi ni?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn, nítorí náà mo gbé fóònù lọ́jọ́ náà gan-an.

Mi ò mọ̀ pé yíyan ẹgbẹ́ wáìnì le ju yíyan ọkọ lọ. Ọkọ, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn oníwáìnì ń béèrè bóyá pupa ni mo fẹ́ àbí funfun, dídùn àbí kíkan, oṣooṣù àbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wá béèrè pé ènìyàn mélòó ni yóò máa mu ún nínú ilé wa. Mo kọ mẹ́jọ. Ta ló ń kọ méjì sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Àwa méjì ló wà ńlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀ lè yà, àbúrò mi lè ti Peckham dé, àlejò kì í sì í kọ lẹ́tà kó tó wá. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi láti máa wọn ìrẹsì nìyẹn, mo sì rò pé wáìnì náà kò yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Tuesday kan, páálí ńlá méjì gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìgò mẹ́rìnlélógún! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará ìjọ ń bọ̀ wá ṣe àdúrà ilé. Kò síbi tí a máa gbé wọn gbà. A to páálí méjèèjì lérí ara wọn ní igun pálọ̀, a da aṣọ funfun bò wọ́n, mo gbé àbẹ́là àti òdòdó lé e. Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń ṣáájú wa nínú àdúrà, wọlé, ó wò ó títí, ó gbé Bíbélì rẹ̀ lé e lórí, ó ní pẹpẹ wa tuntun dára púpọ̀. Ọkọ mi tẹ orí ba bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Ọ̀rẹ́ mi ará Pọtogí ló wá fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù náà lọ, kò sì ṣòro fún un rárá. Ó wá jókòó, ó bi mí bí tíṣà ṣe ń bi ọmọ pé kí ni mo ń fẹ́ gan-an. Mo ní òórùn. Ó ní tó bá jẹ́ òórùn ni, kí n fi àwọn tó ń ta páálí sílẹ̀. Kí n wá ẹgbẹ́ tó ń fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́, tó ń kó oríṣiríṣi pọ̀, tó ń sọ ohun tó yẹ kí imú bá pàdé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo sì lè sọ fún pé ó tó nígbàkígbà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mo wá a títí mo fi rí i. Ìgò mẹ́rin lóṣù, tí kò tóbi ju ìgò oògùn ikọ́ lọ, káàdì kọ̀ọ̀kan fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Bí àwọn Sátidé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgò kan lọ́sẹ̀ kan ni mo ń pín sínú ife méjì, àwọn yòókù á máa dúró de ọjọ́ tiwọn nínú fíríìjì. A ó gbóòórùn, a ó wo káàdì, bí a bá ṣe tán, ọkọ mi á da gbogbo rẹ̀ sí ìdí òdòdó tó wà ní báákónì. Òdòdó ọ̀hún nìkan ló ń mutí nílé wa, ó sì ń sanra. Ní Sátidé kẹta, ọkọ mi gbé ife sókè, ó wo káàdì, ó di ojú.

“Ọsàn,” ó ní. “Like èèpo ọsàn.”

Mo pariwo. Mo fò dìde, mo jó yí tábìlì ká pẹ̀lú ìró lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kò gbóòórùn nǹkan: èéfín igi, bàtà aláwọ tuntun, òkúta tí òjò pa. Ó ń pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èmi náà á tẹ imú bọ ife, á dà bíi pé à ń rìn nínú ọgbà kan tí kò sí ní Dagenham, tí kò sí nílé lọ́hùn-ún náà, tí àwa méjì nìkan mọ ọ̀nà ibẹ̀. A máa ń jókòó títí oòrùn á fi kúrò lórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọbẹ̀ mi. Mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí, wọ́n sì kọ orin fún mi.

Ìyá Àdúrà ti ń gbàdúrà sí omi fún imú náà láti ìbẹ̀rẹ̀, omi náà ni ọkọ mi fi ń ṣan imú láràárọ̀. Inú jọ́ọ̀gì ni mo ń rọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í sọ ìgò nù, ìyá tó bí mi kì í sọ ìgò nù, àwọn ìgò wáìnì kékeré wọ̀nyí sì rẹwà. Mo fọ̀ wọ́n, mo rọ omi àdúrà sí wọn, mo tò wọ́n sẹ́nu ilẹ̀kùn fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a kò tíì ṣí. Mi ò ya bébà ara wọn kúrò.

Ní Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún tí a ti ń bá a bọ̀, mo mú ìgò kan, mo pín in sí ife méjì. Funfun ni. Ọkọ mi gbóòórùn, ó wo káàdì, ó di ojú.

“Lẹ́mọ́ọ̀nù,” ó ní. “Green apple. Àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.”

Mo tẹ imú bọ tèmi. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀. Òfìfo. Mo ní ó tán, imú tèmi náà ti lọ. Mo sáré wọ kíṣìnì, mo ṣí ike irú, òórùn rẹ̀ sì gbá mi lójú débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo padà, mo fi ahọ́n kan ohun tó wà nínú ife. Mo tún tọ́ ọ wò.

“Dádì, kí lẹ sọ pé ẹ gbóòórùn?”

“Lemon. Ó dùn gan-an.”

“Omi àdúrà ni.”

Ó gbé ife náà kalẹ̀. Ó wo káàdì, ó wo fèrèsé. Irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, tiwa kò sì tó ogún oṣù.

“Five months!” mo ní. “Dádì, five months! Mo ti jẹ́rìí! Níwájú gbogbo ìjọ!”

“Ojú ẹ ni,” ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. “That first day, mo kàn fẹ́ fún ẹ lésì ni. Mo ka ohun tó wà nínú káàdì. O wá ń jó. Mi ò tíì rí ojú ẹ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí àìsàn yẹn ti dé. How do I now collect it back?”

“Ọbẹ̀ tí ẹ ń yìn ńkọ́?”

“Ọbẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí, Mọ́mì.” Ó wo ọwọ́ mi. “Òrí tó o fi ń para. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó lajú, mo ti mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Now, àfi kí n na ọwọ́.”

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bínú nítorí ẹ̀fọ́, èmi gan-an ló ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wá mi láràárọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sunkún. Òun náà sunkún, ó sì na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mi kó tó nu ojú ara rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ mú èyí tó jẹ́ wáìnì lóòótọ́. Ife kan ni mo rọ. Mo dojú káàdì dé orí tábìlì.

“Ẹ di ojú yín,” mo ní. “Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú ilé kejì. Oyin díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àti…” Mo tún tẹ imú bọ̀ ọ́, nítorí ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ yà mí lẹ́nu, ẹni tó bá mọ wáìnì yóò sọ bóyá mo purọ́. “Dádì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bí òjò bá rọ̀ sílẹ̀ wa yìí.”

“Ìwọ tó o ní o ò gbóòórùn ẹ̀ rí.”

“Mo ń gbà yín gbọ́ ni nígbà yẹn. It's your turn.”

Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Oòrùn wà lórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Mo gbà ẹ́ gbọ́,” ó ní. “Tún un sọ.”

Mo tún un sọ, láti ọ̀dọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé ọ́ìlì. Ní Sunday, mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Àdúrà, tòun ti ọ̀rọ̀ pẹpẹ, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó sùn, mo máa ń gbé ọwọ́ ọkọ mi sórí apá mi, kó má baà wá mi tó bá jí.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ náà kọ ímeèlì sí wa. Wọ́n ní ṣé a máa bá a lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ènìyàn mélòó ni yóò máa mu ún nínú ilé wa. Mo ro ti òdòdó báákónì, mo ro ti àlejò tí kì í kọ lẹ́tà, mo wo ọkọ mi tó ti jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ojú dídì, tó ń dúró dè mí. Mo tẹ méjì.